Ta Ni Mo Wá Ń Jẹ́ Orúkọ Rẹ̀? Àlàyé Lórí Àwọn Ajẹ́rìíkú Àtijọ́ àti Ìtàn Tí À Ń Sọ Nípa Wọn

Ìyá kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa tó ń jẹ́ Fìlómínà. Wọ́n ti ju ẹni àádọ́rin ọdún lọ, orúkọ tí wọ́n fi ṣèrìbọmi fún wọn nìyẹn, òun náà ni gbogbo àdúgbò fi ń pè wọ́n. Lọ́jọ́ kan, ọmọ ọmọ wọn ka nǹkan kan lórí fóònù, ó ní, "Màmá àgbà, Póòpù ní kò sí ẹni mímọ́ tó ń jẹ́ Philomena o. Wọ́n ti yọ ọ́ kúrò." Màmá ò fèsì. Ìgbà tí a jọ ń ká àga lẹ́yìn ìsìn ni wọ́n wá bi mí pé, "Ta ni mo wá ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ láti ọjọ́ yìí?"

Mi ò lè dá wọn lóhùn lórí ìdúró. Ọ̀rọ̀ tó gùn ni, kì í sì í ṣe Fìlómínà nìkan ló kàn. Àwọn Christopher, Barbara, Catherine àti George náà ti gbọ́ irú rẹ̀. Àwọn kan ní irọ́ ni gbogbo ìtàn àwọn ẹni mímọ́ ayé ìgbàanì. Àwọn mìíràn ní òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, ẹni tó bá ṣiyèméjì ti dẹ́ṣẹ̀. Àti ẹ̀yin àti wọn, ẹ jẹ́ ká jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí díẹ̀.

Orúkọ tí àwa Yorùbá ń pè wọ́n, ajẹ́rìíkú, ti la ọ̀nà sílẹ̀. Ẹni tó jẹ́rìí, tó dúró ti ẹ̀rí rẹ̀ títí ó fi kú. Èdè Gíríìkì ni wọ́n ti mú un, martys, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì ju ẹlẹ́rìí lọ, irú ẹlẹ́rìí tí wọ́n ń pè sí kóòtù gan-an. Bẹ́ẹ̀ ni Pọ́ọ̀lù pe Stéfánù nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 22. Nígbà tí àwọn ẹlẹ́rìí tó ń kú wá pọ̀ ni ọ̀rọ̀ náà gba ikú mọ́ra. Ẹ fi kóòtù yẹn sọ́kàn, torí àwọn ìtàn ajẹ́rìíkú tó ṣeé gbára lé jù, kóòtù ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti wá.

Kí ló dé tí Róòmù ń pa wọ́n? Ọ̀pọ̀ wa rò pé ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ju Kristẹni sí kìnnìún fún 300 ọdún. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ti Késárì Nero, lẹ́yìn iná tó jó Róòmù ní ọdún 64, inú ìlú Róòmù ló mọ. Ní nǹkan bí ọdún 112, Pliny, gómìnà Bithynia ní àríwá ilẹ̀ tí à ń pè ní Tọ́kì lónìí, kọ̀wé sí Késárì Trajan pé kí ni kí òun ṣe fún wọn. Trajan dá a lóhùn pé kó má wá wọn kiri; bí ẹnìkan bá fẹjọ́ wọn sùn tí wọn ò sì sẹ́, kó jẹ wọ́n níyà; ìwé ẹ̀sùn tí kò bá ní orúkọ ẹni tó kọ ọ́, kó má gbà á. Ìyẹn ni pé ọwọ́ aládùúgbò rẹ ni ẹ̀mí rẹ wà. O lè gbé ogójì ọdún láìsí wàhálà, kí ẹni tí ẹ jọ ń jà lórí ààlà ilẹ̀ wá lọ sí ààfin gómìnà láàárọ̀ ọjọ́ kan.

Kì í sì í ṣe torí pé wọ́n ń sin Jésù. Róòmù kò bínú sí òrìṣà tuntun. Ohun tó bí wọn nínú ni pé àwọn Kristẹni ò bá wọn rúbọ. Ẹ fojú inú wo ìlú tó ń ṣe ètùtù kí àrùn má wọlé, kí ìdílé kan wá dúró pé àwọn ò ní dá owó, àwọn ò ní yọjú. Bí ọ̀dá bá dé lọ́dún náà, ta ni ìlú máa yíjú sí? Ní ọdún 249, Késárì Decius pàṣẹ pé kí gbogbo ènìyàn rúbọ, kí wọ́n sì gba ìwé ẹ̀rí pé àwọn ti rú u. Wọ́n ti rí ìwé ẹ̀rí náà tó lé ní 40 nínú iyanrìn Íjíbítì. Èyí tó burú jù bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ Késárì Diocletian ní ọdún 303: wọ́n wó ilé ìjọsìn, wọ́n dáná sun ìwé mímọ́. Ọdún 311 ni Késárì Galerius fi òfin dá a dúró, nígbà tó sì di 313, àwọn Késárì Constantine àti Licinius fún gbogbo ènìyàn lómìnira láti sin ohun tó wù wọ́n.

Ìwé tí wọ́n sun yẹn ṣe pàtàkì sí ohun tí mo fẹ́ sọ. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi àwọn èyí tó ṣẹ́ kù hàn yín.

Ní ọjọ́ 17 oṣù Keje ọdún 180, wọ́n kó Kristẹni 12 láti ìletò kan tó ń jẹ́ Scillium wá síwájú gómìnà Saturninus ní Carthage, ní ilẹ̀ Tùnísíà òde òní. Ọkùnrin méje, obìnrin márùn-ún. Àkọsílẹ̀ ẹjọ́ wọn kò kún ojú ewé méjì. Gómìnà bi ẹni tó ń ṣe agbẹnusọ wọn, Speratus, pé kí ló wà nínú àpótí tí wọ́n gbé dání. Ó ní, "Ìwé ni, àti àwọn lẹ́tà Pọ́ọ̀lù, olódodo ènìyàn." Gómìnà ní òun fún wọn ní 30 ọjọ́ kí wọ́n lọ rò ó. Speratus ní Kristẹni ni òun. Àwọn yòókù ní bẹ́ẹ̀ ni àwọn náà. Wọ́n ka ìdájọ́ láti inú wàláà, wọ́n fèsì pé, "Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run," wọ́n sì bẹ́ wọn lórí. Ó tán síbẹ̀. Áńgẹ́lì kankan ò sọ̀kalẹ̀, iná ò kọ̀ láti jó wọn, gómìnà gan-an ò ké ramúramù. Ó jọ òṣìṣẹ́ ìjọba tó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà yanjú kó lè lọ jẹun.

Àkọsílẹ̀ kejì ni mo fẹ́ràn jù, bí mo bá sì ń ka ibì kan nínú rẹ̀ sókè, ohùn mi kì í dúró.

Perpetua jẹ́ ọmọ bí ọdún 22, ó wá láti ilé ńlá, ó ti lọ́kọ, ó sì ń fún ọmọ lọ́mú lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n mú un ní Carthage. Kò tíì ṣèrìbọmi, ó ń kẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ ni. Lára àwọn tí wọ́n jọ mú ni Felicity, ẹrúbìnrin tó lóyún oṣù méje sí mẹ́jọ. Ohun tó mú ìtàn yìí yàtọ̀ ni pé Perpetua fúnra rẹ̀ ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ apá tó pọ̀ nínú rẹ̀, nínú ẹ̀wọ̀n, kí wọ́n tó pa á. Ẹlòmíràn ló kọ ìbẹ̀rẹ̀, tó sì kọ bí wọ́n ṣe kú sí i. Obìnrin tó kọ̀wé nípa ara rẹ̀ láyé ìgbà náà, tí ìwé rẹ̀ sì dé ọwọ́ wa, wọn ò pọ̀ rárá.

Bàbá rẹ̀ wá bẹ̀ ẹ́ kó sẹ́. Perpetua tọ́ka sí ìkòkò kan nílẹ̀, ó ní, "Bàbá mi, ṣé ẹ rí ìkòkò yìí?" Bàbá ní òun rí i. "Ṣé a lè fi orúkọ mìíràn pè é yàtọ̀ sí ohun tó jẹ́?" Rárá. "Èmi náà ò lè pe ara mi ní nǹkan mìíràn yàtọ̀ sí Kristẹni." Inú bí bàbá débi pé ó fẹ́ yọ ojú ọmọ náà. Ìgbà tó tún padà wá, ìbínú ti lọ, ẹ̀rù ló kù. Ó fẹnu ko ọwọ́ ọmọ rẹ̀, ó wólẹ̀ síbi ẹsẹ̀ rẹ̀ tomijé tomijé, kò pè é lọ́mọ mọ́, ìyáàfin ló ń pè é. Àwa tí a mọ ohun tí ìdọ̀bálẹ̀ jẹ́, a mọ ohun tó dé bá bàbá tó wólẹ̀ fún ọmọ tó bí. Nígbà tí wọ́n ń ṣẹjọ́, gómìnà Hilarianus ní kí wọ́n fi ọ̀pá na bàbá náà. Perpetua kọ ọ́ pé ó dun òun bí ẹni pé òun gan-an ni wọ́n nà.

Ohun tó sì gba púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni ọmọ tó ń mu ọmú. Inú ẹ̀wọ̀n ṣókùnkùn, ó gbóná, ebi ti fẹ́ gbé ọmọ náà lọ. Nígbà tí wọ́n gbà kí ọmọ wà lọ́dọ̀ rẹ̀, ó ní ẹ̀wọ̀n wá dà bí ààfin lójú òun. Lẹ́yìn ìdájọ́, bàbá kọ̀, kò gbé ọmọ wá mọ́. Perpetua kọ ọ́ sílẹ̀ pé, bí Ọlọ́run ṣe fẹ́ ẹ, ọmọ náà ò béèrè ọmú mọ́, ọmú òun náà ò sì gbóná kó máa ro òun. Ẹni tó bá fẹ́ hùmọ̀ ìtàn ajẹ́rìíkú, àrọ́wá tó ga ni yóò fi sí i lẹ́nu, kò ní rántí pé ọmú abiyamọ tí ọmọ ò mu máa ń ro ó.

Felicity ní tirẹ̀ ń bẹ̀rù pé wọn ò ní pa òun pẹ̀lú àwọn yòókù, torí òfin kò gbà kí wọ́n pa aboyún. Wọ́n gbàdúrà, ó sì rọbí kí oṣù tó pé. Ẹ̀ṣọ́ kan gbọ́ igbe rẹ̀, ó fi ṣe yẹ̀yẹ́: bó o bá ń ké báyìí, kí lo máa ṣe níwájú ẹranko? Ó ní ìyà tí òun ń jẹ nísinsìnyí, òun nìkan ló ń jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, ẹlòmíràn yóò wà nínú òun tí yóò jẹ ẹ́ fún òun. Ó bí ọmọbìnrin, arábìnrin kan sì gbà á tọ́. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹta ọdún 203, níbi ayẹyẹ ọjọ́ ìbí Geta ọmọ Késárì, wọ́n tú màlúù abìjà sí àwọn méjèèjì. Nígbà tó gbé Perpetua ṣubú, ó fa aṣọ bo itan rẹ̀, ó béèrè fún ohun tí yóò fi di irun rẹ̀ tó tú, torí obìnrin tó ń ṣọ̀fọ̀ ló ń tú irun sílẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń kọ́ iṣẹ́ idà ni wọ́n ní kó pa á. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ṣì í gún. Perpetua fúnra rẹ̀ ló mú ọwọ́ náà sún mọ́ ọ̀fun ara rẹ̀.

Ìjọ ṣọ́ra fún ìrántí bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n sun Polycarp, bíṣọ́ọ̀bù àgbàlagbà ìlú Smyrna tó ti sin Kristi fún 86 ọdún, àwọn ará ìjọ rẹ̀ kó egungun rẹ̀ jọ, wọ́n sin ín, wọ́n sì kọ̀wé sí ìjọ mìíràn pé ibẹ̀ ni àwọn yóò máa pàdé lọ́dọọdún láti ṣe ọjọ́ ìbí rẹ̀. Ọjọ́ tó kú ni wọ́n ń pè ní ọjọ́ ìbí. Ohun mẹ́ta ni ìjọ máa ń tọ́jú: orúkọ, ọjọ́, àti ibi tí sàréè wà. Ìwé kan wà láti Róòmù, ti ọdún 354, tí kò ju irú àkójọ bẹ́ẹ̀ lọ. Perpetua àti Felicity wà níbẹ̀, ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹta.

Fún ọ̀pọ̀ ajẹ́rìíkú, ohun mẹ́ta yẹn nìkan ló kù. Wọ́n ti sun ìwé, àwọn tó ṣojú wọn ti kú. Ẹ wá fi ara yín sípò àlùfáà kan ní nǹkan bí ọdún 550. Èrò ti ọ̀nà jíjìn wá síbi sàréè, ọjọ́ àjọ̀dún pé, gbogbo ojú ń wò ọ́, orúkọ kan ṣoṣo lo sì ní lọ́wọ́. Ohun tó ṣe ni ohun tí apohùn wa ń ṣe bí wọ́n bá ní kó ki baba ńlá ẹni tí kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n: ó bù láti inú ìkíni tó wà nílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn ìtàn náà fi jọra bí ìbejì. Késárì fúnra rẹ̀ ló ń dájọ́, ó sì ń bínú bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Ọmọbìnrin náà máa ń rẹwà, bàbá rẹ̀ máa ń rorò. Wọ́n á fi iná jó o, kò ní jó. Wọ́n á jù ú sómi, kò ní rì. Idà nìkan ló máa ń ràn án. Bí ẹ bá ti rí irú èyí, àlọ́ lẹ wà nínú rẹ̀. Àlọ́ kì í ṣe irọ́ ní ilẹ̀ wa, kò sì sẹ́ni tó ń fi ìjàpá jẹ́rìí ní kóòtù.

Nígbà mìíràn, orúkọ ló ń bí ìtàn. Christopher, "ẹni tó gbé Kristi" ni ní èdè Gíríìkì. Látinú orúkọ yẹn ni òmìrán tó gbé ọmọ kékeré kan kọjá odò ti jáde, tí ọmọ náà ń wúwo sí i títí ó fi hàn pé Kristi ni. Ti George yàtọ̀ díẹ̀. Láti ìgbà láéláé ni àwọn èrò ti ń lọ síbi sàréè rẹ̀ ní Lydda, ní ilẹ̀ Palẹsítínì, torí náà kò nira láti gbà pé ajẹ́rìíkú kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìtàn rẹ̀ ló léwu: nínú èyí tó pẹ́ jù, ó kú, ó jí, ó tún kú, ó tún jí. Ìwé ìjọ kan láti nǹkan bí ọdún 500 sí 550 ti ka ìtàn náà mọ́ àwọn tí kò ṣeé gbà. Dírágónì tí gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún lẹ́yìn Kristi ló tó wọlé. Ẹ rí i pé kì í ṣe àwọn aláìgbàgbọ́ òde òní ló bẹ̀rẹ̀ iyèméjì yìí. Àwọn ọmọ ìjọ fúnra wọn ni, àwọn àlùfáà Jesuit tí wọ́n ń pè ní Bollandist sì ti ń ṣe é bí iṣẹ́ òòjọ́ láti ọdún 1643, wọ́n ń yẹ ìwé wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Wàyí o, Barbara. Bàbá rẹ̀, Dioscorus, tì í mọ́ ilé gogoro kí ọkùnrin má baà rí i. Ó fẹ́ rìnrìn àjò, ó ní kí àwọn bíríkìlà kọ́ balùwẹ̀ kan sílẹ̀ pẹ̀lú fèrèsé méjì. Bó ti lọ, Barbara ní kí wọ́n fi ẹ̀kẹta kún un: ọ̀kan fún Bàbá, ọ̀kan fún Ọmọ, ọ̀kan fún Ẹ̀mí Mímọ́. Bàbá dé, ó ka fèrèsé, ọ̀ràn bẹ̀rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló fi idà bẹ́ ọmọ rẹ̀ lórí, ààrá sì pa á lójú ọ̀nà ilé. Ìtàn tó dùn ni. Àmọ́ ìwé kan ní Nicomedia ló ti ṣẹlẹ̀, òmíràn ní Heliopolis, òmíràn ní Ítálì, kò sì sí ìjọ àtijọ́ kankan tó ní ọjọ́ àti sàréè rẹ̀ lákọsílẹ̀ ní ìgbà tí wọ́n ń pa àwọn Kristẹni. Nítorí ààrá yẹn, àwọn awakùsà àti àwọn oníbọn ńlá fi ṣe alágbàwí. Yàrá ẹ̀tù ìbọn nínú ọkọ̀ ojú omi, santabárbara ni àwọn ará Sípéènì ń pè é.

Ibí ni ìtàn náà ti kan wá. Àwọn ènìyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Kúbà rí ère obìnrin tó fi pupa bora, ó dé adé, ó mú idà lọ́wọ́, ààrá sì wà nínú ìtàn rẹ̀. Ta ni yóò rí i tí kò ní rántí Ṣàngó? Títí di òní, ọjọ́ 4 oṣù Kejìlá, ọjọ́ Santa Bárbara, ni ọjọ́ Ṣàngó ní Kúbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé obìnrin ni ère náà. Wọ́n ní ìtàn kan níbẹ̀ tó ní Ṣàngó fi aṣọ Ọya sá mọ́ àwọn ọ̀tá lọ́wọ́. Ní Bahia ní Bràsíìlì, ọjọ́ kan náà, ẹni mímọ́ kan náà, Ọya ni wọ́n rí. Wọ́n á wọ pupa àti funfun jáde ní Salvador, olú ìlú Bahia, wọ́n á jẹ àkàrà. Ìlú méjì, òkun kan, tọkọtaya náà sì rí ara wọn nínú ère kan ṣoṣo. Bẹ́ẹ̀ náà ni Cosmas àti Damian, ìbejì oníṣègùn tí kì í gbowó, tí sàréè wọn wà ní Cyrrhus ní Síríà láyé àtijọ́, di Ìbejì ní Bràsíìlì. Bó bá di ọjọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án, wọ́n á fún àwọn ọmọdé ní súìtì. Ní Bahia, wọ́n á se ilá alépo, ọmọ méje ni yóò sì kọ́kọ́ jẹ.

Kí ni Póòpù wá yọ? Ní ọdún 1969, Póòpù Paul VI tún kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì ṣe. Ó yọ ọjọ́ Barbara, Christopher àti Catherine ti Alẹkisáńdríà kúrò lára àwọn ọjọ́ tí gbogbo ìjọ ayé gbọ́dọ̀ máa ṣe, torí pé ẹ̀rí ìtàn Barbara àti Catherine kò tó, ọjọ́ Christopher kò sì sí lára àṣà àtijọ́ ìjọ Róòmù. Ọjọ́ ni ó yọ. Barbara àti Christopher ṣì wà nínú àkójọ ńlá àwọn ẹni mímọ́, ìjọ tó bá wù ú sì lè ṣe ọjọ́ wọn. Catherine padà sínú kàlẹ́ńdà ní ọdún 2002. George kò tilẹ̀ kúrò níbẹ̀ rí. Wọ́n kàn sọ ọjọ́ rẹ̀ di ẹni-bá-wù ni. Kò sí ibi tí Paul VI ti kọ ọ́ pé àwọn ènìyàn wọ̀nyí kò sí.

Ti Philomena tún yàtọ̀. Ní ọdún 1802, wọ́n rí sàréè kan nínú ihò ìsìnkú Priscilla ní Róòmù. Pákó amọ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi dí ẹnu rẹ̀, ohun tí wọ́n kọ sára wọn sì kà báyìí: LUMENA PAXTE CUMFI. Kò nítumọ̀. Ìgbà tí wọ́n gbé pákó àkọ́kọ́ lọ sẹ́yìn ló tó di PAX TECUM FILUMENA. Egungun ọmọbìnrin kékeré ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí Mugnano nítòsí Naples, àwọn ènìyàn ń rí ìwòsàn, Àlùfáà John Vianney ní ilẹ̀ Faransé fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi, obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ kan ní Naples sì ní ó fi ara hàn òun pé ọmọ ọba Gíríìkì ni òun, Diocletian ló fẹ́ fi òun ṣaya. Ibẹ̀ ni gbogbo ìgbésí ayé rẹ̀ tí à ń kà ti wá. Nígbà tó yá, àwọn onímọ̀ ní ó jọ pé pákó àlòkù ni, pé sàréè ẹlòmíràn ni wọ́n ti ṣí i kúrò, ìdí nìyẹn tó fi tò ségesège. Ní ọdún 1961, Róòmù ní kí wọ́n yọ ọjọ́ rẹ̀ kúrò nínú gbogbo kàlẹ́ńdà.

Mo lọ sílé Màmá Fìlómínà lọ́jọ́ Sátidé kan, mo ṣàlàyé gbogbo èyí fún wọn bí mo ti ṣe é síbí. Mo sọ pé a ò mọ bàbá rẹ̀, a ò mọ ohun tó pa á, a ò tilẹ̀ mọ̀ bóyá òun ló ni egungun náà. Wọ́n ní, "Kí la wá mọ̀?" Mo ní ohun kan dájú: ẹnìkan wà ní Róòmù tó ń jẹ́ Filumena, ó kú, ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ sì mú ọ̀dà pupa, ó kọ ọ́ sára amọ̀ tó fi dí sàréè rẹ̀. Wọ́n ní kí n kà á bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Mo kà á ní èdè Látìnì, mo sì túmọ̀ rẹ̀: "Àlàáfíà fún ọ, Filumena."

"Tún un kà," ni wọ́n wí.